Ọkọ̀ Tó Fẹ́ Balẹ̀ Létí Pèrègún

Leeds, Ìlú Ọba
20 Oṣù Kìn-ín-ní, 1997

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò mí lórí ilẹ̀. Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn náà. Ṣé orúnkún wọn ti fún wọn nísinmi? Ara tèmi le, àfi òtútù ibí tó ṣì ń ṣe sí mi bí àlejò láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ ní tí àwọn èèyàn Ìlọ́bù bá bi yín pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, "iṣẹ́ kọ̀ǹpútà" lẹ máa ń wí, ẹ ó sì tètè yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíì. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Eré ni à ń ṣe fún títà, eré ọkọ̀ òfuurufú ogun, irú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ja ogun Hítílà. Ẹni tó bá ra eré náà á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ̀, á di ọ̀pá ìdarí mú, á sì máa wo ojú ọ̀run bí ẹni pé inú ọkọ̀ ló wà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ọkọ̀ náà máa ṣe bí ojúlówó. Tí èèyàn bá gbàgbé láti ṣí epo, ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dáhùn. Tó bá ń sá eré àsápajúdé, kí aago ooru máa gòkè títí ẹ́ńjìnnì yóò fi hó, kó sì kú. Tó bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì, kí ojú ẹni tó ń wà á ṣókùnkùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún wọn lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò ní orí wọn.

Bàbá àgbàlagbà kan tó wa irú ọkọ̀ yìí nígbà ogun máa ń wá dán an wò fún wa. Á jókòó, á fò díẹ̀, á mi orí, á ní, "Ọkọ̀ yín yìí láàánú jù." A óò tún un ṣe, á padà wá, á tún ní ó láàánú jù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, èmi tí mò ń gbààwẹ̀ nìkan ló máa ń kù. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Stella ló ń ya ilẹ̀ àti odò inú eré náà, ó sì ti kọ́ mi bí èèyàn ṣe lè ya ilẹ̀ tirẹ̀. Ìyá mi, ilé ni mò ń yà. Mo ti ya títì Òṣogbo, mo ti gba Ẹ̀rìn kọjá, mo ti dé Ìlọ́bù. Mo yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn ọkọ̀ náà, ó sì fúyẹ́ sí i, ó ń gbọ́ràn. Mo máa ń gbéra ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tó wà ní Ìdó lẹ́bàá Òṣogbo, màá rọra gòkè, gbogbo nǹkan á dákẹ́ nínú mi, ebi pàápàá á gbàgbé mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé òkè ilé wa, ewéko lásán ló kù. Mi ò rántí ohun tó wà lọ́nà Ìfọ́n mọ́, ọ̀nà tí ẹ máa ń mú mi gbà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ohun gbogbo tí ẹ bá rántí.

Ọmọ yín tí kò jẹun ọ̀sán,
Sùrájù


Ẹ̀yìn Mọ́sálásí, Ìlọ́bù
23 Oṣù Kejì, 1997

Sùrájù Àkànó, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ìtùnú ààwẹ̀ ti kọjá kí ìwé rẹ tó dé, mo sì ti bínú tán. A pín ẹran, a pín ìrẹsì, wọ́n ń bi mí pé ọmọ Ìlú Ọba ńkọ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́.

Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ta lò ń bá jà. Mo ka ìwé náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí ọkọ̀ ogun tó jẹ́ eré, ọmọ òun kàn ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni, pé ó dájú pé ìjọba Òyìnbó ti gbà ọ́ síṣẹ́. Mo ní eré ni. Ó ní ta ló ń sanwó oṣù fún ẹni tó ń ṣeré? Ìwọ náà mọ bàbá rẹ, tó bá ti gba nǹkan gbọ́, ó di ọjọ́ mìíràn.

Bá mi sọ fún bàbá arúgbó tó ń mi orí yẹn pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ náà láàánú díẹ̀. Ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀.

Ó dáa, ọ̀nà Ìfọ́n. Gba ẹ̀yìn ilé wa jáde, kí ebè ẹ̀pà àwọn ará ilé kejì wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Oko bàbá rẹ ni wàá kọ́kọ́ bá, ilẹ̀ títẹ́jú, kò ní òkè, kò ní kòtò. Tó o bá rìn dé àárín pápá náà, wàá rí pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Ó tò lọ gbọọrọ láti ẹ̀bá títì títí dé ibi àpáta. Ibẹ̀ ni oko bàbá rẹ parí sí tí oko bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni odò kékeré, omi rẹ̀ tutù, kì í ju kókósẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó o bá gun bèbè rẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn èéfín Ìfọ́n. Ilé ìyá mi nìyẹn, igi agbálùmọ̀ ńlá níwájú rẹ̀, ẹ̀ka kan da sórí òrùlé. Tí agbálùmọ̀ bá pọ́n tó sì já bọ́ lórí páànù, a ó sáré jáde, èmi àti àbúrò mi Abọ́dúnrìn, tí mo pọ̀n sẹ́yìn títí ó fi wúwo jù mí lọ. Abẹ́ igi náà ni a ti ń ké wàláà. Òjìji rẹ̀ máa ń dé ẹnu ọ̀nà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Èmi náà kì í gba ọ̀nà yẹn mọ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wọ àárín tọ̀tún tòsì, kò sẹ́ni tó dáko sí pápá náà, tiwa tàbí tiwọn. Igbó ti bò ó. Ìyàwó Ìlọ́bù ni mo jẹ́, ọmọ Ìfọ́n ni mí, kò sì síbi tí mo gbé ẹsẹ̀ sí tí wọn kì í bi mí pé kí ni mo ń wá. Abọ́dúnrìn ṣì ń ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ ọjà. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo fi mọ̀ pé mo ní ilé bàbá.

Lẹ́yìn tí mo ka ìwé rẹ, mo kírun ìrọ̀lẹ́ tán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Mo rí i pé mo wà lókè. Mo rí òrùlé wa, mo rí ti ìyá mi, wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo bo méjèèjì. Nígbà tí mo jí, ó ṣe mí bíi kí n tún sùn.

Máa fò wá. Ṣùgbọ́n máa kọ̀wé.

Ìyá rẹ,
Mọ́ríátù


Leeds
6 Oṣù Kẹrin, 1997

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Iléyá. Ẹ má bínú sí mi mọ́, ìwé yín ni mo fi ṣe Ìtùnú tèmi.

Gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo yà. Mo ya oko Bàbá, mo ya odò, mo ya ilé Ìyá Àgbà. Stella bá mi ya igi agbálùmọ̀, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, mo kàn ka lẹ́tà yín fún un lédè Òyìnbó. Ó ya ẹ̀ka tó da sórí òrùlé, ó ya òjìji rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fò láti Ìlọ́bù dé Ìfọ́n, kí èèyàn tó ké Fátíhà tán, mo ti kọjá. Ọkọ̀ yìí yá jù fún ìlú wa.

Ó wá ń wù mí láti balẹ̀. Fífò nìkan kò tó mi mọ́. Ṣùgbọ́n bíbalẹ̀ ọkọ̀ yìí, ẹ ṣàdúrà fún mi. Imú rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kì í rí ilẹ̀ tó ń lọ bá, ẹ̀gbẹ́ lèèyàn ti ń yọjú wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, ẹ̀yìn apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fà á sẹ́yìn. Tó bá sáré jù, á ta padà sókè. Tó bá falẹ̀ jù, apá rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ gbára lé mọ́, apá kan á kọ́kọ́ jábọ́, á sì dojú dé. Àwa náà la ṣe é bẹ́ẹ̀! Mo ti já sẹ́yìn ilé wa, mo ti forí sọ odò, mo ti balẹ̀ sórí òrùlé mọ́sálásí, Ọlọ́run má bínú.

Pápá tí ẹ sọ yẹn nìkan ló tẹ́jú tó. Ọ̀nà tí èmi àti ẹ̀yin máa ń rìn ni mo fẹ́ gbà, kí n wọlé láti ẹ̀yìn ilé wa, kí n dúró níbi tí màá ti máa wo ilé Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n pèrègún wà láàárín. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ máa ń lọ bá a, á fọ́ yángá. Nígbà tó sú mi, mo kó gbogbo pèrègún náà lọ sí bèbè odò. Ilẹ̀ wá gùn dáadáa.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún yín, aláwọ̀ mèremère, bí ó ṣe ń rí láti òkè. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ wá ilé wa níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Sùrájù


Ìlọ́bù
1 Oṣù Kẹfà, 1997

Sùrájù,

Àlàáfíà ni a wà, ṣùgbọ́n àlàáfíà náà kò balẹ̀ nínú mi.

Àwòrán rẹ dé. Ìwé rẹ kò sí pẹ̀lú rẹ̀. Ojú àpòòwé ti ya, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ní pọ́ọ̀sì, àwòrán nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. O ya igi náà! Mo fi ìka kan ẹ̀ka tó da sórí òrùlé, mo gbọ́ ìró agbálùmọ̀ lórí páànù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tí kò tíì jí.

Bàbá rẹ ló jí mi lójú oorun. Ó gba àwòrán náà wò, ó bọ́ síta, ó tún fi wo oòrùn. Ó ní, "Ìyá Sùrájù, o rí i? Mo sọ fún ọ. Ọmọ yìí ti fi ọkọ̀ ogun Òyìnbó kọjá lórí ilé wa, ó ya ilẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀." Ó ní láyé ìjọba Òyìnbó, bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ òfuurufú ya ilẹ̀ nìyẹn, pé àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í purọ́. Ó wá fi ìka tọ́ pèrègún. Bèbè odò ló wà. Ó ní, "Gbogbo pápá yẹn, tèmi ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé e kiri. Ó fi han àwọn àgbà ilé, wọ́n ń kan sáárá sí i. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò jókòó, lẹ́yìn tí a bá kórè àgbàdo. Ó sì ti dé etí Abọ́dúnrìn. Ọjọ́ ọjà méjì rèé, kò ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan sọ fún mi pé ó ní bí ọmọ tí òun gbé jó bá lè wá láti ojú ọ̀run wá gba ilẹ̀ baba òun, òun kò ní ẹ̀gbọ́n ní Ìlọ́bù mọ́.

Sùrájù, mi ò bá ọ jà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ojú mi yìí ni mo fi rí pèrègún yẹn ní àárín pápá, mo máa ń já ewé rẹ̀ tí mo bá ń lọ pọn omi. Àbí bèbè odò ni? Mo ti ń wo àwòrán yẹn títí, àárín pápá ti ń sá kúrò lọ́kàn mi. Mo ti dàgbà. Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ rí, àbí èmi ni mo gbàgbé?

Dá mi lóhùn kíákíá.

Ìyá rẹ


Leeds
22 Oṣù Kẹfà, 1997

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìkíni, ẹ ka èyí.

Ẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Àárín pápá ni pèrègún wà. Èmi ni mo kó o. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tó bọ́ sọnù yẹn. Kò sí ọkọ̀ kankan tó kọjá lórí ilé wa. Ọkọ̀ náà kò sí. Ojú ọ̀run náà kò sí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ya gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo fi yà á, ẹ̀yìn ilé wa ni mo fẹ́ gbà balẹ̀ sí pápá nínú eré náà, pèrègún dábùú iwájú mi, mo wá sún ààlà nítorí kí ọkọ̀ má baà fọ́.

Ẹ ka ibí yìí sí etí Bàbá. Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti kékeré pé ẹnì kan kì í fọwọ́ kan pèrègún ààlà, kódà tó bá gbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lèèyàn á gbin òmíràn sí. Mo ń ṣeré, mo sì ronú pé kò sí pèrègún nínú eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àwòrán yẹn lọ síbi ìpàdé. Ẹ fi ìtìjú rẹ̀ lé mi lórí, kó má bá yín dé àárín àwọn àgbà.

Mo pe nọ́ḿbà ṣọ́ọ̀bù Òṣogbo tí ẹ fún mi, èyí tí ẹ ní wọ́n á ti bá mi ránṣẹ́ pè yín, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Màá tún pè.

Sùrájù


Ìlọ́bù
3 Oṣù Kẹjọ, 1997

Sùrájù Àkànó,

A ti kórè àgbàdo. Lọ́la ni wọn yóò jókòó, ní iwájú ilé wa, lábẹ́ ìbòòji. Àwọn ará Ìfọ́n ní àwọn á wá. Bàbá rẹ ti ní kí n lọ aṣọ funfun òun. Ó fi àwòrán náà sáàárín Kùránì kó má baà ká.

Mi ò rí èsì rẹ. Mo ti rán èèyàn lọ sí pọ́ọ̀sì Òṣogbo títí ojú fi ń tì mí.

Mo gbìyànjú láti lá àlá òkè yẹn, kí n lè wo pápá náà fúnra mi. Oorun kò gbé mi lọ.

Ìyá rẹ


Leeds
17 Oṣù Kẹjọ, 1997

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ṣé ìwé mi dé? Ṣé ẹ kò bínú ni?

Mo ti dá gbogbo pèrègún padà sí àyè rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò balẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo kàn máa ń yí po lókè títí epo á fi kù díẹ̀, màá sì padà sí Ìdó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé, kódà kó jẹ́ èébú.

Sùrájù


Ìlọ́bù
28 Oṣù Kẹsàn-án, 1997

Ọmọ mi, Sùrájù Àkànó,

Mo kí ọ dáadáa, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìwé rẹ dé lẹ́yìn tí ìpàdé ti parí, bí oúnjẹ tó dé lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Mi ò tètè kọ̀wé nítorí mo fẹ́ kí ilé rọ̀ kí n tó ròyìn. Ó ti rọ̀.

Àwọn àgbà jókòó, tiwa lápá kan, tiwọn lápá kejì, Abọ́dúnrìn láàárín wọn. Ó ti hewú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ó dáhùn sí ilẹ̀. Bàbá rẹ tẹ́ àwòrán náà sórí ẹní, ó fi òkúta kéékèèké tẹ igun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín. Ọkọ̀ òfuurufú kò mọ Ìlọ́bù, kò mọ Ìfọ́n. Ohun tó rí ló yà." Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí ojú àwọn ará ilé bàbá mi, wọ́n ti gbà pé ó tán.

Omi ni mo gbé wá fún wọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé igbá sílẹ̀, ojú mi tún bọ́ sórí igi agbálùmọ̀.

Sùrájù, igi yẹn ti wó. Ọdún tí wọ́n gbé mi ní ìyàwó wá sí Ìlọ́bù ni ìjì wó o, kí wọ́n tó bí ọ. Ìwọ kò rí i rí láyé. Mo ti wo àwòrán náà láti ìgbà tó ti dé, kò wá sọ́kàn mi rárá pé igi náà kò sí mọ́, nítorí lọ́kàn tèmi kò wó rí. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́ sí ọ bí ẹni pé àná ni mo kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó máa ná mi tí mo bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ló jókòó yẹn, nínú aṣọ funfun tí mo fọwọ́ mi lọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí orí funfun Abọ́dúnrìn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí. Igi wo lẹ rí níwájú ilé ìyá mi yìí?"

Abọ́dúnrìn ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Agbálùmọ̀ ni."

Mo ní, "Ṣé ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí tí o kúrò nílé?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, igi yẹn ti di iná ìdáná láti ọjọ́ pípẹ́."

Mo ní, "Ọkọ̀ wo ló wá ya igi tí a ti fi dáná? Ẹnu mi ni ọmọ mi ti gbọ́ ọ. Ó kàn ń yà á nítorí pé ilé ń wù ú. Àwòrán àárò ni. Ẹ má fi pín ilẹ̀."

Bàbá rẹ kò wò mí. Ó ṣa òkúta kúrò ní igun àwòrán náà, ọ̀kan, ọ̀kan. Ó fẹ́ ká a, ni Abọ́dúnrìn bá na ọwọ́, ó ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná." Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ta ló sọ fún ọmọ yìí pé ẹ̀ka kan da sórí òrùlé?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Apá òsì ló da sí o. Ẹ ò rántí dáadáa." Ló bá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, àgbà ọkùnrin. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín, tiwa tiwọn.

Bàbá rẹ dìde. Ó ní kí wọ́n mú àdá wá. Wọ́n jọ la igbó náà wọ inú pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Pèrègún wà ní àárín, ó ti ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ ń dán. Mo já ọ̀kan.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí bàbá rẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. "Omi dà." "Mo ń bọ̀." Ìwé rẹ wá dé, mo kà á fún un títí dé ibi tí o ti ní kó fi ìtìjú lé ọ lórí. Ó ní kí n tún un kà. Ó jáde, ó pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tó dé, pápá ló ti ń bọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n kọ èyí sí ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Sọ fún un pé ó gba ibi tí kò yẹ wọlé. Kí ló dé tó ń ré ààlà kọjá? Kó wá láti ẹ̀bá títì, kó máa tẹ̀lé pèrègún lọ sí ibi àpáta, kó fi sí ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀. Èmi àti Abọ́dúnrìn ti jọ rìn ín. Ilẹ̀ gùn níbẹ̀."

Ọjọ́ ọjà tó kọjá, Abọ́dúnrìn kò ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá.

Ìyá rẹ,
Mọ́ríátù


Leeds
9 Oṣù Kìn-ín-ní, 1998

Ìyá mi, Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Ẹ kú ààwẹ̀ tó tún yí po.

Ìwé yín ni mo ti ń gbé kiri. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ ni mo gbìyànjú ohun tí Bàbá wí, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun. Mo gbéra ní Ìdó, mo gba Ẹ̀rìn kọjá, mo yí po lórí Ìlọ́bù lẹ́ẹ̀kan. Mo wọlé láti ẹ̀bá títì. Mo na ẹsẹ̀ ọkọ̀, mo sọ ẹ̀yìn apá rẹ̀ kalẹ̀, mo ṣí rédíétọ̀ kí ooru ẹ́ńjìnnì lè jáde, mo dín epo kù díẹ̀díẹ̀. Imú rẹ̀ bo gbogbo iwájú, mi ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo yọjú sí ẹ̀gbẹ́, pèrègún ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀nà hàn mí. Mo ń tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ilẹ̀, ó ta díẹ̀, ó tún kan ilẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ gùn lóòótọ́.

Bàbá arúgbó yẹn wà lẹ́yìn mi tí mi ò mọ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ṣé ọkọ̀ òfuurufú ni bàbá mi ń wà. Mo ní rárá, àgbẹ̀ ni.

Stella bi mí bóyá kí òun yọ igi agbálùmọ̀ kúrò, nígbà tó jẹ́ pé bí ojúlówó la ń wá. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó kàn gbé ẹ̀ka náà lọ sí apá òsì, kí àbúrò yín Abọ́dúnrìn má baà bá wa jà.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí díẹ̀ sí i, ó dúró. Mo rí ilé Ìyá Àgbà lápá kan, mo rí òrùlé wa lápá kejì. Nínú eré yìí, a kò tíì ṣe é kí èèyàn lè ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ kó sì jáde, nítorí náà mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ẹnu ọ̀nà yín, títí àwọn yòókù fi ti oúnjẹ dé.

Ìyá mi, mo ti ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú tí màá bá wálé. Ní Iléyá ni. Ẹlòmíràn ni yóò wà á, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí.

Ọmọ yín,
Sùrájù